Kíki àti Ṣíṣàn Ọṣẹ Ìfọyín Lẹ́nu Ẹni Tí Ń Lò Ó

Ọṣẹ ìfọyín kì í dá ṣàn bí omi. Àfi bí a bá fún un. Bí ó bá dórí búrọ́ọ̀ṣì tán, yóò tún dúró gan-an. Èròjà aláte inú rẹ̀ ni ó fa èyí: ó so omi, glycerin àti ẹfun kíkúnná pọ̀ bí àwọ̀n. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ń lọ tí ó ń bọ̀, àwọ̀n náà a tú, ọṣẹ a sì tẹ́ kárí eyín. Bí ẹfun náà kò bá kúnná tó, ahọ́n a mọ̀ ọ́n bí iyanrìn.

Sodium lauryl sulphate ni ó ń mú un hó; òun náà ni kì í jẹ́ kí ahọ́n mọ adùn, tí omi ọsàn fi ń korò lẹ́yìn ìfọyín. Títutù menthol kì í ṣe òtútù gidi, iṣan tí ń mọ òtútù ni ó ń tàn jẹ. (Orin ata a máa ta ahọ́n, kì í hó, síbẹ̀ eyín ń mọ́.)

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ ọmọdé. Ọmọ tí ó bá ka híhó sí mímọ́ yóò máa fún ọṣẹ kún búrọ́ọ̀ṣì, yóò sì máa gbé e mì nítorí adùn. Fluoride tí ń dáàbò bo eyín kì í hó. Àgbémì rẹ̀ lápọ̀jù sì lè fi àbàwọ́n sára eyín tí kò tíì hù. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì tó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3.