Ìdí tí Tẹmọ́mítà fi Ń Rẹlẹ̀ Kí Ó Tó Gòkè Nínú Omi Gbígbóná

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni nọ́ọ̀sì ti fi tẹmọ́mítà sí lábẹ́ ahọ́n tàbí ní abíyá rí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ó mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ihò inú rẹ̀ fún bí irun orí, ó sì ní ikùn kékeré kan nísàlẹ̀ tí a rọ mákúrì kún. Mákúrì yìí jẹ́ irin tí ń ṣàn bí omi, tí ó sì ń dán bí fàdákà. Daniel Fahrenheit, tí ó ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Họ́láǹdì, ni ó ṣe irú rẹ̀ tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní ọdún 1714. Ní ọdún 1742, Anders Celsius ará Swídìn pín ààrin yìnyín tí ń yọ́ àti omi tí ń hó sí ìwọ̀n 100. Ìwọ̀n ti Celsius yìí ni a óò máa lò níhìn-ín.

Ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí ó bá gbóná a máa fẹ̀ sí i. Ẹni tí ń gbé abẹ́ páànù ti gbọ́ bí ó ti ń ró gbà, gbà, nígbà tí oòrùn bá mú un lọ́sàn-án: páànù ń fẹ̀, ìṣó sì dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni mákúrì ṣe ń fẹ̀, tí ó sì ń gun inú ihò rẹ̀ lọ sókè.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá mú irú tẹmọ́mítà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga fi ń ṣe ìdánwò, tí ó tì í bọ inú omi tí ń hó lójijì, tí ó sì tẹjú mọ́ ọn, yóò rí ohun ìyanu. Mákúrì náà yóò kọ́kọ́ rẹlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yí padà, tí yóò sì sáré gòkè. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé ohun èlò náà ti bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gíláàsì ni ó wà lóde, òun ni ooru kọ́kọ́ bá pàdé, òun ni ó sì kọ́kọ́ fẹ̀. Bí ìkòkò omi kan bá ṣàdédé tóbi sí i, tí omi inú rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i, ǹjẹ́ omi náà kò ní fà sísàlẹ̀ bí? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mákúrì nìyẹn. Nígbà tí ooru bá wá dé ọ̀dọ̀ òun náà, fífẹ̀ rẹ̀ a tó nǹkan bí ìlọ́po 7 ti gíláàsì lásán, ìdí nìyí tí ó fi ń borí.

Nítorí náà, ẹni tí ń wọn ohun gbígbóná kò gbọdọ̀ kánjú. Kí ó dúró títí mákúrì yóò fi dúró jẹ́ẹ́, kí ó sì kà á nígbà tí ikùn rẹ̀ ṣì wà nínú omi, láìjẹ́ kí ó kan ìdí ìkòkò.

Omi tí ó bá ti hó kì í gbóná ju nǹkan bí 100 lọ, iye igi yòówù kí a kó sí i nídìí. Ti òróró yàtọ̀: èyí tí a fi ń dín àkàrà lè kọjá 170. Mákúrì fúnra rẹ̀ kì í hó títí di 357, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí a ṣe fún 110 péré yóò bẹ́ nínú irú òróró bẹ́ẹ̀, nítorí mákúrì kò ní rí àyè gbà mọ́.

Ibí yìí gan-an ni ewu ti ilé ìwòsàn wà. Láti 35 dé 42 péré ni a ṣe é fún, nítorí pé nǹkan bí 37 ni ìgbóná ara ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ó ní ibi fífún kan lókè ikùn rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí mákúrì padà sísàlẹ̀ nígbà tí a bá yọ ọ́ lẹ́nu aláìsàn. Èyí ni nọ́ọ̀sì fi ń gbọ̀n ọ́n kí ó tó tún un lò. Ìyá ọmọ tí ó bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, pẹ̀lú èrò pé òun ń pa kòkòrò àìsàn, yóò fọ́ ọ. Omi tútù àti ọṣẹ ti tó. Àwọn tuntun tí ń lo bátìrì pàápàá kò fẹ́ omi gbígbóná.

Bákan náà, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ògì gbígbóná lè dàbí oníbà lójú tẹmọ́mítà tí a fi sí i lẹ́nu. Kí ó sinmi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ná.

Ní ọdún 2013 ni ọ̀pọ̀ ìjọba ayé fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata, èyí tí ó fi ọdún 2020 ṣe òpin ṣíṣe tẹmọ́mítà onímákúrì, nítorí pé májèlé ni mákúrì. Síbẹ̀, èyí tí a ti rà tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ ilé. Bí ọ̀kan bá fọ́, mákúrì yóò fọ́n ká bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, èéfín rẹ̀ tí a kò lè fojú rí a sì máa ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́. Kí a kó àwọn ọmọdé jáde, kí a ṣí fèrèsé. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ gbá a, nítorí yóò túbọ̀ tú u ká. Kí a má sì fi ọwọ́ lásán kàn án. Bébà líle ni kí a fi rọra kó o sínú ìgò, kí a dé e pa, kí a sì gbé e fún òṣìṣẹ́ ìlera tí ó wà nítòsí.