Ààrò Mẹ́ta Ni Kẹ̀kẹ́ Márúwá: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ibi Tí À Ń Gbé Ẹrù Sí

   

Ẹ rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, ariwo pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìyá kan nínú àwọn alátàá wa, kẹ̀kẹ́ ló dojú dé pẹ̀lú òun àti agbọ̀n tòmátì rẹ̀, apá rẹ̀ sì dá. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a jókòó ti ọjà. Àwọn kan dìde, wọ́n ní kí á fòfin dè é, kí kẹ̀kẹ́ kankan má wọ ọjà wa mọ́. Àwọn kan ní, kí la ó wá fi kó ẹrù? Mọ́tò ńlá kò lè gba ojú ọ̀nà wa, ọ̀kadà kò sì lè gbé àpò gaàrí mẹ́rin. Ìyálọ́jà wá ní kí èmi Akọ̀wé kọ ohun tí mo mọ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí olúkúlùkù kà á, kí ẹni tí kò bá lè kà á fún ọmọ rẹ̀ kó kà á fún un, kí a tó pinnu.

Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n mo ti sanwó ẹ̀kọ́ yìí, epo pupa ni mo fi san án. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

ỌJỌ́ TÍ MO KỌ́KỌ́ WỌ KẸ̀KẸ́

Ọdún 2004 ni. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀kadà ni mo ń gùn káàkiri Ìbàdàn. Epo pupa ni mò ń tà nígbà náà, òun náà ni mò ń tà dòní. Lọ́jọ́ yẹn mo gba èsúsú mi, mo fi ra kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́fà, onílítà 25. Ọmọkùnrin kan gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, tuntun ni, ó ń dán. Mo wò ó, mo ní Olúwa ṣeun, ilé kékeré tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta rèé! Ó ní òrùlé, òjò kò ní pa mí. Ó ní ìjókòó tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. N kò ní ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni gun ẹṣin, ìró mi kò sì ní tú lójú títì. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ìró gun ọ̀kadà rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

N kò fẹ́ kí epo ta sí mi láṣọ. Mo ní kó to kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin sí apá òsì lẹ́yìn, méjì lórí méjì, kó gbé méjì tó kù sí ẹ̀gbẹ́ òsì tirẹ̀ níwájú. Èmi wá jókòó sápá ọ̀tún, bí ọlọ́lá. Ọmọ náà ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká pín in, apá kan ti wúwo jù.” Mo ní, “Gbé e lọ jàre, ọjà ti fẹ́ tú.”

À ń lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, inú mi ń dùn. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sí ìsàlẹ̀, tó sì yà sọ́wọ́ ọ̀tún, mo ń retí kí kẹ̀kẹ́ tẹ̀ sọ́tùn-ún bí ọ̀kadà ṣe máa ń ṣe. Kò tẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń tì mí lọ sápá òsì. Kí n tó sọ pé kí lèyí, ìdí mi ti ń lọ sókè. Táyà ẹ̀yìn tó wà lábẹ́ mi ti kúrò nílẹ̀! Ẹnì kan pariwo lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ náà yára tọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ padà sí gbọọrọ, táyà náà bá kanlẹ̀ gbì! Kẹ́ẹ̀gì méjì tó wà níwájú fò jáde, àwọn méjèèjì fọ́ sójú ọ̀dà. Epo mi ń ṣàn lọ bí àgbàrá.

A kò kú, a kò sì fara pa. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì méjì nínú mẹ́fà, gbogbo èrè ti lọ, ó ti jẹ nínú owó ọjà pẹ̀lú. Èsúsú tí mo ti jẹ, oṣù mẹ́rin ni mo tún fi dá a, epo kò sí nílẹ̀ tí mo lè fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí.

Mo bú ọmọ náà dáadáa. Kò fèsì. Bàbá kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà, òun ló pariwo lẹ́ẹ̀kan, ló pè mí. Ó ní, “Ìyá elépo, ẹ sinmi ariwo. Ẹ ń dáná nílé, àbí? Ẹ wá wo nǹkan.” Ó ṣa òkúta mẹ́ta, ó tò wọ́n sílẹ̀. Ohun tí bàbá náà fi hàn mí lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ fi han ẹ̀yin náà.

Ẹ̀KỌ́ ÒKÚTA MẸ́TA

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibo ni ìkòkò máa ń wà? Àárín ni. Bí ẹ bá gbé ìkòkò lé òkúta kan péré, tí ìdí rẹ̀ yọ síta, ṣé kò ní dà? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ̀kẹ́. Ó ní òkúta kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Bí ẹ bá fa okùn láti ara òkúta iwájú dé ara ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ti ẹ̀yìn, inú okùn yẹn ni ilé kẹ̀kẹ́. Ẹrù tó bá wà nínú rẹ̀ kò léwu púpọ̀. Èyí tó bá yọ síta ló ń fa kẹ̀kẹ́ lulẹ̀.

Ẹ wá wò ó dáadáa: ilé náà fẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín níwájú. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ìta okùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò rí bẹ́ẹ̀, iwájú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sí. Ibẹ̀ náà ni ìyá wa alátàá jókòó sí, tí agbọ̀n tòmátì mẹ́ta sì wà léra wọn lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, kí ẹlòmíràn lè gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ kọ́nà ló kàn. Bí ẹ bá ru garawa omi, tí ẹ sì ṣàdédé yà sọ́tùn-ún, apá òsì ni omi máa ń dà sí, nítorí ohun tó ń lọ gbọọrọ fẹ́ máa lọ gbọọrọ ni. Ọ̀kadà máa ń tẹ̀ síbi tó ń yà sí, ohun tó ń gbà á nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ kò lè tẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Gbogbo agbára yẹn, ara èrò àti ẹrù ló ń bọ́ sí. Bí dírẹ́bà bá sì sọ eré di ìlọ́po méjì ní kọ́nà kan náà, agbára tó ń tì wá kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Bíréèkì àárín kọ́nà tún burú, torí ó ń ti ẹrù lọ sí iwájú tó tín-ín-rín. Kó tó dé kọ́nà ló yẹ kó ti rọ eré.

Gíga ẹrù náà ńkọ́? Ẹni tó ru àwo kan lè sáré díẹ̀. Ẹni tó ru àwo mẹ́wàá léra wọn, ṣé ó lè sáré?

Ohun kan tún wà tí mo fojú ara mi rí lẹ́yìn náà. Mọ́tò lè fi kòtò sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Kẹ̀kẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí táyà iwájú rẹ̀ wà láàárín. Bó bá yẹ kòtò fún ti iwájú, ti ẹ̀yìn kan lè bọ́ sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń mì wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹrù tí a kò so sì ń rìn.

TA LÓ ṢE KẸ̀KẸ́, BÁWO LÓ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA?

Ilẹ̀ Ítálì ni ilé-iṣẹ́ Piaggio ti ṣe irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1948, lẹ́yìn ogun Hitler. Wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe alùpùpù Vespa ní 1946. Vespa ní èdè wọn ni agbọ́n. Wọ́n wá sọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà ní Ape, ìyẹn kòkòrò oyin, torí òun ni yóò máa ṣiṣẹ́. Ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ẹ̀yin ìyá mi! Ẹ ò rí i pé ti àwa ọlọ́jà ni látilẹ̀wá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Íńdíà ń ṣe é, àwọn Bajaj tí a ń rí níhìn-ín, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá.

Orúkọ Márúwá, ara Buba Marwa ni a ti mú un, ológun tó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Nígbà tirẹ̀ ló kó wọn wọ ìgboro Èkó. Ní 2001 ni ìjọba àpapọ̀ ní ayé Ọbásanjọ́ dá ètò NAPEP sílẹ̀, láti gbógun ti ìṣẹ́. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ ní kẹ̀kẹ́ láti máa fi jẹun, ni àwọn kan fi ń pè é ní Kẹ̀kẹ́ NAPEP.

ẸRÙ MÉLÒÓ LÓ TÓ?

Dírẹ́bà kan àti èrò mẹ́ta lẹ́yìn ni wọ́n ṣe Bajaj yìí fún. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kílò 70, ènìyàn mẹ́rin jẹ́ kílò 280. Kẹ́ẹ̀gì epo onílítà 25 kan wọn bíi kílò 23, mẹ́fà jẹ́ 138. Èmi àti ọmọ náà, 140. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 278.

Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: ẹrù mi kò pọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn! Ó kún ni, kò tíì kọjá. Ibi tí mo gbé e sí ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú ọ̀rẹ́ mi kan àti àpò ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ ọn, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.

OHUN TÍ MO BẸ̀ YÍN PÉ KÍ Ẹ MÁA ṢE

Èkíní: ẹrù tó wúwo, ilẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni kó wà, láàárín, kó súnmọ́ táyà ẹ̀yìn. Fífúyẹ́ ni kó wà lókè.

Èkejì: ẹ pín in sọ́tùn-ún sósì dọ́gba. Bí ẹrù bá wà lápá kan, ẹ̀yin ẹ jókòó sápá kejì, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ara yín nìkan á tó bí ẹrù bá pọ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ má jẹ́ kí ẹrù yọ kọjá táyà ẹ̀yìn lọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń gun òkè, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò sì ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹ mọ bí òkè Ìbàdàn ṣe rí.

Ẹ̀kẹrin: ẹ so ẹrù. Okùn kò wọ́n tó epo. Ẹ̀yin elépo àti olómi, kẹ́ẹ̀gì tó kún dára ju ìlàjì lọ, torí ti ìlàjì ń já lọ já bọ̀ nínú ara rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ẹ má sì gbé ọmọ síbẹ̀. Bí ó bá ní kò sí àyè lẹ́yìn, ẹ dúró de òmíràn.

Ẹ̀kẹfà: ẹ ká ìró àti ìborùn sínú, kí táyà má fà á. Ẹ má yọ ọwọ́ síta láti di ẹrù mú.

Èkeje: bí dírẹ́bà bá ń sáré, ẹ sọ̀rọ̀ kó tó dé kọ́nà. Ẹ pè é ní ọmọ mi, ẹ bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌPÀDÉ WA

Èrò tèmi nìyí. Bí a bá lé kẹ̀kẹ́ lọ, orí àwọn alábàárù ni ẹrù máa padà sí, owó rẹ̀ á sì gun ọjà wa. Ẹ̀yin náà rí bí owó ọkọ̀ ṣe fò sókè nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí pẹtiróòlù lóṣù karùn-ún 2023. Ṣùgbọ́n bí a bá fi sílẹ̀ bó ṣe wà, apá mìíràn á tún dá, ó tiẹ̀ lè ju apá lọ.

Ẹ jẹ́ ká pe àwọn olórí oníkẹ̀kẹ́ wá sí ìpàdé. Kí a jọ fẹnu kò pé kẹ̀kẹ́ tó bá fẹ́ jáde lọ́jà wa, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó síwájú, ẹrù kò sì ní ga ju orí ìjókòó ẹ̀yìn lọ. Kí ẹnì kan nínú wa máa dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wò ó, ká máa pín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni n ó ṣe ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Àwọn tó ń sáré nínú àwọn ọmọ náà, ẹ̀bi tiwọn wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká parọ́ fúnra wa. Ọmọ ọdún 2004 yẹn kìlọ̀ fún mi, èmi ni mo ní ọjà ti fẹ́ tú. Nígbà tí mo fi máa dé ọjà lọ́jọ́ náà, ó ti tú lóòótọ́.

Ẹ kí ìyá wa alátàá dáadáa bí ẹ bá lọ kí i. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo o. Ajé á wọ igbá gbogbo wa.

Èmi ni Akọ̀wé yín, elépo.