Pátímò Kò Ní Pápá Bàálù: Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ọjọ́ Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Di Ẹrù

 

Nígbà tí a tú ká níbi ìpàdé tó kọjá, àwọn ìyá mẹ́ta kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ti ń dá àjọ pa pọ̀ láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní àwọn ti dé Jerúsálẹ́mù, ṣùgbọ́n erékùṣù Pátímò tí wọ́n ń kà nínú Ìwé Ìfihàn ni ọkàn àwọn wà báyìí. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, bàálù wo là ń wọ̀ lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàálù kankan kì í balẹ̀ níbẹ̀." Ẹnu yà wọ́n. Ìdí rèé tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa, kí ohun tó ṣe mí má baà ṣe ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ìyá wa Alhaja, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá o. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni, ó kan gbogbo ẹni tó ń rìn.

Ibo ni Pátímò wà?

Ilẹ̀ Gíríìsì ló wà, láàárín òkun, níhà tó sún mọ́ ilẹ̀ Tọ́kì. Patmos ni ẹ ó rí lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Kò tóbi rárá. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 34 níbùú lóòró lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 3,000. Skala ni orúkọ èbúté tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Bí ẹ bá gbójú sókè láti èbúté, ẹ ó rí ilé ńlá kan lórí òkè bí ilé olódi. Ilé àwọn mọ́ńkì ni, wọ́n fi orúkọ Jòhánù pè é. Ọdún 1088 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Láàárín èbúté àti orí òkè yìí ni ihò àpáta náà wà, ibi tí àwọn Kristẹni gbà pé Jòhánù ti rí ìran nígbà tí wọ́n lé e kúrò nílé. Ní 1999, àjọ UNESCO kọ ihò náà, ilé àwọn mọ́ńkì náà àti ìlú tó yí i ká mọ́ ara àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ọkọ̀ ibẹ̀ dà bí ọjà ọrọọrún

Báwo la ṣe ń débẹ̀? Ẹ ó wọ bàálù láti Èkó, ẹ ó pààrọ̀ lọ́nà, bóyá ní Káírò tàbí ní Istanbul, ẹ ó sì balẹ̀ sí Áténì. Láti pápá bàálù Áténì, ẹ ó lọ sí èbúté ńlá tí wọ́n ń pè ní Piraeus. Láti ọdún 2022 ni rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ti ń lọ tààrà láti pápá bàálù débẹ̀, nǹkan bíi wákàtí kan. Bọ́ọ̀sì X96 náà ń lọ, tọ̀sán-tòru. Ní Piraeus ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá, irú èyí tí mọ́tò àti tírélà ń wọ inú rẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí méje sí mẹ́sàn-án lórí omi, òru ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: ọkọ̀ yìí kì í lọ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin náà mọ ọjà ọrọọrún. Bí ẹ bá gbé ẹrù débẹ̀ ní ọjọ́ kejì ọjà, àtíbàbà òfìfo àti ewúrẹ́ lẹ ó bá. Kò sí ẹni tó ń háyà ọkọ̀ ẹrù kó tó béèrè pé ọjọ́ wo lọjà ń ná. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ lọ sí òkè òkun, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù la kọ́kọ́ ń sáré rà, nítorí pé òun ló wọ́n jù. Ní ti Pátímò, òdì nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi ni ọjọ́ ọjà. Bàálù kàn ń gbé yín dé ìdí rẹ̀ ni.

Ohun tí ojú mi rí

Àwa mẹ́rin la lọ, nínú oṣù Keje. Ẹni tó bá wa ṣètò rẹ̀ ra bàálù tí yóò gbéra ní Áténì ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọkọ̀ wa yóò dé Piraeus ní àárọ̀. Lórí ìwé, ó dùn ún wò. Kò sówó òtẹ́ẹ̀lì, kò sí jíjókòó lásán. A tún yìn ín pé ó mọ owó í ṣọ́.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò ní Pátímò, atẹ́gùn dé. Oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí òjò, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gbá gèlè kúrò lórí ẹni. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní meltemi. Oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ló máa ń le jù. Bí ó bá ti kọjá ibi tí òfin fi sí, àwọn aláṣẹ èbúté á ní kí ọkọ̀ má kúrò. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí "ẹ ṣàánú wa." Wọ́n jàre, ẹ̀mí ni wọ́n ń ṣọ́.

A jókòó lórí àpótí wa ní Skala títí ilẹ̀ fi ṣú, títí ilẹ̀ fi mọ́. Bàálù wa gbéra láìsí wa. Tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ni, kò ṣeé pààrọ̀. Físà wa sì ku ọjọ́ méjì péré. Ọmọ mi ló fi fóònù ra òmíràn fún wa láti Èkó, owó tí mo fi pamọ́ láti fi kó ẹrù Kérésì ló sì fi rà á. Ọdún yẹn, ẹrù àwìn ni mo tà. Ẹni tó bá ti ta ẹrù àwìn rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí a ṣe ń ka ọjọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lọ àti ọjọ́ tó ń bọ̀. Ọmọ yín lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọlọ́kọ̀ kì í tètè gbé ètò ọdún kan jáde tán. Bí ti oṣù tí ẹ fẹ́ kò bá tíì jáde, ẹ má tíì ra bàálù.

Ká ní Ọjọ́rú ni ọkọ̀ ń kúrò ní Piraeus. Ẹ balẹ̀ sí Áténì ní Túsìdeè, ẹ sùn níbẹ̀. Ẹ ó dé Pátímò ní òru mọ́jú Ọjọ́bọ̀. Ká ní ọkọ̀ àbọ̀ jẹ́ ti Àìkú, tí yóò dé Piraeus ní Mọ́ńdè. Bàálù ilé kò gbọdọ̀ jẹ́ Mọ́ńdè! Túsìdeè ni, bí ó bá sì jẹ́ ìgbà atẹ́gùn, Ọjọ́rú ló dára jù. Owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bàálù tuntun.

Bí ọkọ̀ kò bá lọ, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí ọlọ́kọ̀ dá owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, tàbí kó fi yín sí ọkọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n owó bàálù tó fi yín sílẹ̀ kò kàn án.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ wọ bàálù kékeré láti Áténì lọ sí Kos tàbí Samos, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀. Òótọ́ ni, ojú omi kúrú níbẹ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń sáré ló sábà máa ń ná ọ̀nà yẹn, ó sì tètè máa ń dúró bí atẹ́gùn bá dé ju ọkọ̀ ńlá lọ. Ní ìgbà òtútù, ọkọ̀ dín kù káàkiri. Oṣù Karùn-ún, Ìkẹfà àti Ìkẹsàn-án ló tuni lára jù. Ní àsìkò Àjíǹde tiwọn, tí ọjọ́ rẹ̀ kì í sábà bá tiwa mu, èrò á kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ tètè gba yàrá.

Físà àti ẹrù

Físà Ṣẹ́ńgẹ́nì ni ẹ ó gbà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, 90 Yúrò ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà. Ẹ lè gbé ìwé yín lọ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 ṣáájú. Ẹ ó ní ìnṣọ́ránsì tó tó 30,000 Yúrò fún àìsàn. Ọjọ́ tí ẹ fi kún un nítorí atẹ́gùn, ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí físà náà lè gbà á.

Ẹ dé èbúté ní wákàtí kan ṣáájú, ó kéré tán. Piraeus tóbi, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ ẹnu ọ̀nà. E1 ni wọ́n sábà máa ń fi ọkọ̀ Pátímò sí, ṣùgbọ́n ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ mú súẹ́tà dání, òtútù ń mú lórí omi. Ẹ sọ fún onílé tí ẹ ó dé sí pé òru lẹ ó dé, kó wá pàdé yín. Ẹ wọ bùbá àti ìró bí ẹ bá ń lọ sí ihò àti ilé mọ́ńkì. Èjìká àti orókún kì í wà níta níbẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ.

Ǹjẹ́ ó tó bẹ́ẹ̀? Ó tó o. Nígbà tí mo jókòó nínú ihò yẹn, tí mo ń wo òkun láti ojú fèrèsé rẹ̀, mo gbàgbé gbèsè. Ṣùgbọ́n gbèsè kò gbàgbé mi. Àwọn ìyá mẹ́ta wọ̀nyẹn ti sọ fún mi pé àwọn á fi oṣù méjì kún àjọ àwọn, nítorí alẹ́ Áténì. Ọgbọ́n nìyẹn.

Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á dára. Ajé á bá wa gbé o.