Ṣé o mọ̀? Mọ́tò àpatì inú igbó, lásìkò ọyẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù láti wá àwọn mọ́tò àtijọ́ tó kú sínú igbó ní agbègbè Ìbàdàn wa yìí? Nígbà òjò, koríko àti ìtàkùn á ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. O lè gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan kọjá lọ sóko kí o má fura. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti mú débi pé ètè ń là, tí àwọn àgbẹ̀ sì ti finá sí ibi tí wọ́n fẹ́ dáko sí, òrùlé mọ́tò á yọ láàárín eérú. Láti Ọlọ́runṣògo dé Akánrán, láti Mọ́níyà dé Láàlúpọn, ṣàṣà ni abúlé tí irú rẹ̀ ò sí. Béèrè ẹni tó ni ín, "mọ́tò bàbá wa ni" ni wọ́n máa dá ọ lóhùn. Bàbá ti lọ, ìwé mọ́tò ti sọnù, àwọn ọmọ ò sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tó máa tà á. Bó ṣe ń lo ọdún lórí ọdún níbẹ̀ nìyẹn.

Fi ìka nu gíláàsì iwájú rẹ̀ wò. Ṣé o mọ ibi tí eruku yẹn ti wá? Púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ló wá láti Bodélé, ilẹ̀ kòtò kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad. Láyé àtijọ́, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan ni ibẹ̀. Adágún Chad tí à ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ìyókù díẹ̀ lára rẹ̀ ni. Nígbà tí omi náà gbẹ, èèpo líle àwọn ewéko omi tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán ò lè rí ló ṣẹ́ kù nílẹ̀, òun ni afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n kiri. Eruku ìsàlẹ̀ adágún tó ti gbẹ ló wà lórí mọ́tò àpatì yẹn. Òmíràn nínú rẹ̀ kì í tiẹ̀ bà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa rárá: ó ń ré kọjá òkun Àtìláńtíìkì lọ dé igbó Amazon.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí sítíárìn wà lè sọ ọjọ́ orí mọ́tò fún ọ? Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso wa ló kọ́ wa láti máa gba ọwọ́ òsì títì, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn máa ń wà. Bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò wa tí Faransé ṣàkóso, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, lábẹ́ ìjọba Gowon, gbogbo Nàìjíríà ṣí lọ sí ọwọ́ ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ghana ṣe tiwọn ní 1974. Sweden ti ṣáájú wa ní 1967. Tí o bá wá yọjú wo inú mọ́tò àpatì kan, tí o rí sítíárìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kí wọ́n tó yí títì padà ló ti dé ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n má tíì búra o. Àwọn mọ́kálíìkì wa mọ bí wọ́n ṣe ń gbé sítíárìn tòkunbọ̀ láti ọ̀tún sí òsì, iṣẹ́ náà sì máa ń mọ́ débi pé ihò tí wọ́n dí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ló lè tú wọn fó.

Nọ́ńbà ara rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, nítorí náà pátákó nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OY kò lè dàgbà ju ọjọ́ yẹn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yin ará ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lẹ ni ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà? Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni, tí wọ́n là ní 1906, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí rélùwéè ti Èkó dé Ìbàdàn. Mọ́níyà ló gbà kọjá. Ní Èkó, ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ W. A. Dawodu ti ń tún mọ́tò ṣe, ó sì ń tà á, láti bí ọdún 1905. Ní Ìbàdàn, Sàláámì Àgbájé ará Ayéyẹ́, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò, wà lára àwọn ọmọ ìlú tó kọ́kọ́ ra mọ́tò tiwọn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ará oko ò mọ mọ́tò, ó yẹ kó tún ìtàn kà.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàárín ìgbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò? Ọjọ́ 14 oṣù kẹta 1975 ni ti Kàdúná, ọjọ́ 21 ni ti Ọ̀jọ́. Ọjà sì ti wà nílẹ̀ dè wọ́n: ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn gan-an ni owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀. Ìbàdàn náà rí tirẹ̀ gbà nígbà tí British Leyland wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ láti máa to lọ́rì àti Land Rover. Lẹ́yìn 1986, tí ètò ọrọ̀ ajé SAP fọ́ náírà mọ́ ilẹ̀, mọ́tò tuntun di ọ̀wọ́n gógó, tòkunbọ̀ gba títì. Tí o bá rí Peugeot 504 tàbí ìjàpá Volkswagen tó kú sẹ́yìn ilé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, wo ọjọ́ orí rẹ̀ dáadáa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ owó Udoji ló wà níbẹ̀ yẹn.

504 yẹn ńkọ́? Òun ni wọ́n dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tó peregedé jù ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Èyí tó máa yà ọ́ lẹ́nu jù ni pé oyè yẹn kan náà ni wọ́n fún Nissan Micra ní 1993, òun sì ni ọkọ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni, Micra tí o ń há ara rẹ sí lẹ́yìn láti Ìwó Róòdù, tí dírẹ́bà ní kí o súnmọ́ ẹnì kejì rẹ díẹ̀ sí i.

Ìjàpá ní tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búùtù wà níwájú, kò sì ní rédíétọ̀ rárá, torí afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Ó lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní Mexico ní 2003. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kan, Ṣẹ́gun Oyeyiọla, mú ọ̀kan tó ti dàgbà, ó to páànẹ́lì oòrùn sórí rẹ̀, ó fi fáànù tí afẹ́fẹ́ ń yí sí iwájú rẹ̀, ìjàpá náà sì rìn láìlo bẹntiróòlù. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní nǹkan bíi ọdún 2014.

Lọ́rì Bedford tó ń kó kòkó ní Ọ̀nà-Àrà àti Làgelú láyé ìjọsí, orí àti egungun irin rẹ̀ nìkan ló ń ti òkè òkun wá. Káfíńtà wa ló ń fi pákó kan ara tó kù, tí wọ́n á sì kọ àkọlé sí i lára. Ìdí nìyẹn tí òkú bọ́lẹ̀kájà, orúkọ tí a ń pe irú lọ́rì bẹ́ẹ̀, fi máa ń dà bí ẹni tí wọ́n bó láṣọ. Ikán ti jẹ pákó tán, àkọlé bá a lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọyẹ́ kọ́ ló ń jẹ irin? Irin kì í dípẹtà láìsí omi àti ọ́síjìn. Òjò ló ń jẹ mọ́tò; tí ọyẹ́ bá dé, tí ọ̀rinrin tán nínú afẹ́fẹ́, ìpẹtà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Wo ara ọ̀kan láti ìtòsí: ibi tí ọ̀dà ti wú bíntín, tí kò tíì bẹ́, tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú èékánná. Á dún pẹ̀ẹ́, ìyẹ̀fun pupa á sì dà jáde, torí ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ló ṣe ń ti ọ̀dà síta. Rọ́bà àti táyà ni oòrùn ń bá jà ní tirẹ̀, wọ́n á sán bíi gìgísẹ̀ ẹni tí kò fi òrí pa ẹsẹ̀.

Iyọ̀ ojú títì ilẹ̀ òyìnbó ló tún ń jẹ irin ju òjò wa lọ. Tí yìnyín bá bo títì wọn, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i kó lè yọ́, omi iyọ̀ náà á wá máa ta sí abẹ́ mọ́tò láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó gbọ́n tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Kútọnu tàbí n'Íbàdàn, ó ń wólẹ̀ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò kó tó wo àwọ̀ rẹ̀.

Àwọn òyìnbó yìí kan náà ló sì ń bu ọlá fún òkú mọ́tò. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní Kyrkö Mosse, nítòsí Ryd ní gúúsù Sweden, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Åke Danielsson tú mọ́tò sílẹ̀ títí inú ilẹ̀ rẹ̀ fi kún. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kó wọn kúrò, wọ́n wá pèrò dà pé kí wọ́n wà níbẹ̀ títí di 2050. Lábẹ́ yìnyín, lábẹ́ igi, àwọn èèyàn ń wá wò wọ́n. Ní White, ìpínlẹ̀ Georgia l'Ámẹ́ríkà, mọ́tò tó lé ní 4,000 ló wà nínú igbó Old Car City, owó ni o sì máa san kí o tó wọlé. Ní tiwa, ọ̀kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ tí wọ́n tọ́jú ni Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Múrítàlá Muhammed sínú rẹ̀ ní 13 oṣù kejì 1976. Ó wà ní mùsíọ́mù Oníkan, l'Ékòó, pẹ̀lú ihò ọta lára. Ṣé ó wá di ìgbà tí wọ́n bá pa ẹnì kan sínú mọ́tò kí a tó mọ̀ pé ìtàn ni? Lójú tèmi, kò dáa tó.

Ṣé o mọ̀ pé o lè máa fi mọ́tò ro àmàlà? Orí ẹ́ńjìnnì 504 àti písítìn rẹ̀, alumíníọ̀mù ni. 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń yọ́, ooru tí èédú àti ẹwìrì lè mú wá. Irin ní tirẹ̀ fẹ́ 1,538. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣèkòkò Ṣakí fi ń yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù sínú iyanrìn, tí wọ́n ń fi ṣe ìkòkò tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń rà. Síprìngì ẹsẹ̀ lọ́rì kò gba ibẹ̀, ilé alágbẹ̀dẹ ló ń lọ, kó di àdá àti ọkọ́. Lọ́rì tó kó kòkó ti tún padà sóko nìyẹn. Ìyókù, àwọn onírin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù á fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, kílò ni wọ́n ń rà, wọn kì í béèrè ẹni tó wà á rí.

Bátìrì nìkan ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ nílé. Òjé ló wà nínú rẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́. Òjé inú ilẹ̀ tí àwọn awagóòlù fọ́ ní Zamfara pa ọmọ tí kò dín ní 400 ní ọdún 2010.

Tí o bá ń lọ wo èyíkéyìí lọ́yẹ́ yìí, wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, mú igi dání, kí o kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá oyin ń kùn níbẹ̀; bí kò bá sí, fi igi náà gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì dáadáa kí o tó ṣí i, torí paramọ́lẹ̀ àti oyin fẹ́ràn ibẹ̀. Gbé táyà tó wà nílẹ̀ kúrò níbi tí òjò ti lè rọ sí i, bó tilẹ̀ gbẹ: ẹyin ẹ̀fọn kan wà tó lè wà ní gbígbẹ fún oṣù mélòó kan, kó pa nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá kàn án. Ya fọ́tò mọ́tò náà, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí o lọ bá àgbà tó dàgbà jù nínú ilé yẹn, kí o kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, kí o béèrè ẹni tó rà á, ọdún tó rà á, àti iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ti wá. Tètè lọ o, àwọn onírin náà ò dúró.