Fọ́tò Wòlímọ̀: Kí Ló Yẹ Kó Ṣáájú Nínú Àtúnṣe?

Ní Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òkè, ẹni tó bá sọ ẹtù di dúdú kirikiri nínú fọ́tò wòlímọ̀ ti ba iṣẹ́ aláró jẹ́. Àwa náà ti ṣe é rí: àwọ̀ la kọ́kọ́ tún ṣe, ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì yí gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà, kí ojúlówó má bàjẹ́. Ẹ yọ àwọn tí kò dára kúrò. Kí la fẹ́ fi àtúnṣe fọ́tò tí a máa pa rẹ́ ṣe? Ẹ gé etí rẹ̀, ẹ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, kí ẹ tó kan àwọ̀. Láwàní funfun ni kí ẹ máa wò: bí ó bá pọ́n rúsúrúsú, àlàárì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ dín fọ́tò kù kí ẹ tó mú ojú rẹ̀ mú kedere. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ ní JPEG, torí ó ń pàdánù díẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá tún un tọ́jú.