Ilé Adìyẹ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́: Ìmọ̀ràn fún Sísin Adìyẹ Díẹ̀ Láàárín Ìlú

Ọ̀pọ̀ olùgbé Ìpínlẹ̀ Ògùn, yálà ní Abẹ́òkúta, Ọ̀tà, Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, ni ó ní ààyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé tí wọ́n lè fi sin adìyẹ fún ẹyin. Ìkánjú ni ó máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹni tí ó ra adìyẹ kí ó tó wá ibi tí yóò máa sùn lè pàdánù gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, a rọ̀ yín láti tẹ̀ lé ètò yìí.

Ilé àti aládùúgbò

Fún abo adìyẹ mẹ́wàá, ilé tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ìsàlẹ̀ ògiri jẹ́ búlọ́ọ̀kù, kí òkè rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, tí ejò àti eku kò sì lè wọ̀. Ẹ tẹ́ èérún pákó gbígbẹ sílẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti tutù. Ọ̀rinrin ni ó ń fa òórùn.

Àwọn àgbà ní adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ gba àṣẹ onílé. Ẹ jẹ́ kí ilé adìyẹ jìnnà sí fèrèsé aládùúgbò. Ẹ kò nílò àkùkọ rárá, nítorí pé abo adìyẹ ń yé ẹyin láìsí i, kíkọ àkùkọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù sì máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Ríra àti bíbọ́

Òròmọdìyẹ nílò ooru àti ìtọ́jú tọ̀sán-tòru. Ó rọrùn fún olùbẹ̀rẹ̀ láti ra èyí tí ó ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, tí kò ní pẹ́ yé ẹyin. Ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè oògùn àjẹsára tí ó ti gbà.

Adìyẹ tí ń yé ẹyin ń jẹ oúnjẹ tí ó tó gíráàmù 120 lójúmọ́. Àpò kílò 25 yóò gbé mẹ́wàá fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ṣírò iye yìí kí ẹ tó ra adìyẹ. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n wọn, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àìsàn

Àrùn Newcastle lè pa gbogbo adìyẹ inú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní oògùn ìwòsàn. Àjẹsára ni ààbò rẹ̀, oníṣègùn ẹran ọ̀sìn ni yóò sì sọ ìgbà tí ó yẹ. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń pò mọ́ omi, ẹ má ṣe lo omi ẹ̀rọ tí a fi kẹ́míkà sí, nítorí yóò ba àjẹsára náà jẹ́. Bí ẹ bá ra adìyẹ tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán.

Bí adìyẹ bá ń kú lójijì, ẹ má ṣe tà wọ́n, ẹ má ṣe jẹ wọ́n, ẹ má sì jù wọ́n sí gọ́tà. Láti ọdún 2006 ni avian influenza ti wọ Nàìjíríà, ó sì lè ran ènìyàn. Ẹ fi tó àwọn oníṣègùn ẹran ọ̀sìn létí kíákíá, kí ẹ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ilé adìyẹ bọ̀.

Bí mẹ́wàá bá yè fún ọdún kan, ẹ lè fi kún un.