Ojú Ogun Kírìjì: Níbo Ni Mọ́tò Yóò Dúró Sí?

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ojú ogun Kírìjì rí.

Ẹ jẹ́ ká ní àwọn ìyá ọlọ́jà Ifẹ̀-Ọ̀dàn háyà bọ́ọ̀sì kan, wọ́n gba Èjìgbò dé Òṣogbo, wọ́n kọrí sí Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé láti lọ wo ibi tí àwọn baba ńlá ti jagun. Òkè àti àpáta ló pọ̀ lágbègbè yẹn. Géńdé á bọ́ sílẹ̀, á gùn ún. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ńkọ́? Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn ńkọ́? Ṣé inú mọ́tò ni kí wọ́n jókòó sí títí àwọn yòókù á fi dé?

Ogun yẹn kì í ṣe ogun kékeré. Lẹ́yìn tí Fábùnmi ará Òkè-Mẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878 ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀. Ààrẹ Látòósà tẹ̀ dó síhà Ìgbájọ, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà wà níhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìró ìbọn ló fún ogun náà lórúkọ. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Ní Gettysburg, l'Amẹ́ríkà, níbi tí ogun ti jà ní 1863, èrò pọ̀ lórí òkè Little Round Top débi pé mọ́tò kò ríbi dúró, ilẹ̀ sì ń ṣí lọ. Wọ́n tì í pa ní oṣù Keje 2022. Wọ́n tún ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣe, wọ́n la ọ̀nà tó rọ ẹlẹ́sẹ̀ dídùn lọ́rùn, wọ́n tó wá ṣí i ní oṣù Kẹfà 2024.

Òfin Nàìjíríà náà kò dákẹ́. Èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 ní kí ibi ìgbọ́kọ̀sí ará ìlú ya àyè sọ́tọ̀ fún aláàbọ̀ ara, kí kẹ̀kẹ́ arọ sì lè wọ ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀. Ọdún márùn-ún tí òfin fún àwọn ilé àtijọ́ láti fi ṣàtúnṣe ti pé ní 2024.

Kí ló wá kù? Kí wọ́n wá ilẹ̀ títẹ́jú nísàlẹ̀ òkè fún mọ́tò, kí katapílà má lọ hú ibùdó àwọn jagunjagun. Kí àyè aláàbọ̀ ara sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ igi. Kí àwọn olóúnjẹ náà ní ìsọ̀ tiwọn, kí wọ́n má bàa pàtẹ sójú títì. Iṣẹ́ bíríkìlà, wẹ́dà àti káfíńtà ni gbogbo rẹ̀, owó á wọlé fún oníṣẹ́ ọwọ́.

Ogun Kírìjì sọ ọ̀pọ̀ géńdé di arọ. Ìtìjú gbáà ni bí arọ òde òní kò bá lè débẹ̀.